Ẹyẹ Aṣíkiri ní Àkọ́rọ̀ Òjò: Ìtọ́sọ́nà fún Ìrìn Wíwo Ẹyẹ Àwọn Ọ̀dọ́ ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀pọ̀ ẹyẹ tí ó ti bá wa gbé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa gbéra kúrò láàárín wa. Àwọn kan ń padà sí àríwá orílẹ̀-èdè yìí láti lọ yé ẹyin. Àwọn mìíràn ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn kì í dágbére. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti lọ, àfi ìgbà tí a bá ṣàdédé rí i pé màlúù ń jẹko láìsí lékeléke kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí fún àwọn òbí, àwọn olùkọ́, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, kí wọ́n lè jáde lọ wo àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Kútọ̀ ni a fi ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó wà láàárín ìlú, ọkọ̀ ń wọ ibẹ̀ láti ìhà gbogbo, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ dáadáa ní àyíká pápá ìṣeré MKO Abiola. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a là sílẹ̀ níhìn-ín bá gbogbo ìlú àti abúlé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn mu.

Kí ni ẹyẹ aṣíkiri?

Ẹyẹ aṣíkiri ni ẹyẹ tí ó ní ibùgbé méjì, tí ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín wọn ní àkókò kan náà lọ́dọọdún. Kì í ṣe ẹyẹ tí ó sọnù, kì í sì í ṣe ẹyẹ tí ó kàn ń rìn gbéregbère. Oúnjẹ àti ọmọ bíbí ni ó ń gbé e rìn. Nígbà tí òtútù bá mú ní Yúróòpù, kòkòrò a wọ́n níbẹ̀. Ẹyẹ tí ń jẹ kòkòrò a sì wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ewé bá tún rú níbẹ̀, tí ojúmọmọ sì gùn, kòkòrò a pọ̀ ju ohun tí àwọn ẹyẹ ibẹ̀ lè jẹ tán. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa a sì padà lọ tọ́ ọmọ wọn.

Oríṣi méjì ni àwọn tí a ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí ń ti Yúróòpù àti Éṣíà wá. Àwọn kejì kì í kúrò ní Áfíríkà rárá: òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé láàárín igbó gúúsù àti ọ̀dàn àríwá. Àwọn kejì yìí ni ó sún mọ́ wa jù, àwọn ni a sì kì í sábà kà sí arìnrìn-àjò.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a jáde?

Ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ìgbà ìrúwé bọ́ sí àkókò àkọ́rọ̀ òjò lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù Ẹrẹ́nà, tí í ṣe oṣù kẹta ọdún, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí, tí í ṣe oṣù karùn-ún, ni ìrìn àjò sí àríwá máa ń gbóná jù. Kí Ẹrẹ́nà tó dé, àwọn ẹyẹ náà ti ń múra: wọ́n ń pààrọ̀ ìyẹ́, wọ́n sì ń jẹun gidigidi kí wọ́n lè sanra. Ọ̀rá ara wọn ni epo ọkọ̀ wọn. Aṣálẹ̀ Sàhárà gba kìlómítà 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àlàjá. Ẹyẹ kékeré mìíràn a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ di ìlọ́po méjì kí ó tó dágbálé e.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ta ní ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà níbí jálẹ̀ ọdún? Àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kàlẹ́ńdà kan wà nínú ara ẹyẹ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbéra, oòrùn, ìràwọ̀ àti agbára òòfà ilẹ̀ ayé ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà.

Ọjọ́ kan wà tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ọdún 2006 ni a bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Àgbáyé fún Àwọn Ẹyẹ Aṣíkiri. Láti ọdún 2018, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń wáyé lọ́dún: Sátidé kejì nínú oṣù Èbìbí àti Sátidé kejì nínú oṣù Ọ̀wàrà. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ó bá dúró di oṣù Èbìbí kí ó tó jáde ti pẹ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà yóò ti lọ. Ìgbà tí a dámọ̀ràn ni láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ẹrẹ́nà títí di ìparí oṣù Igbe. A lè wá fi Sátidé ti oṣù Èbìbí ṣe ọjọ́ ìjábọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ sọ ohun tí wọ́n rí àti ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn.

Àwọn ẹyẹ tí ọ̀dọ́ lè wá kiri

Lékeléke. Òun ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Bí agbe ti jẹ́ ti aró, tí àlùkò sì jẹ́ ti osùn, bẹ́ẹ̀ ni lékeléke jẹ́ ti ẹfun lójú Yorùbá. Àgbàlagbà díẹ̀ ni kò tíì na ọwọ́ sí i rí ní kékeré, kí ó lè ta funfun sí wọn léèékánná. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti ń múlẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn a padà sí àríwá láti lọ yé. Ohun kan wà tí ọ̀dọ́ lè fi mọ̀ pé ìrìn àjò ti sún mọ́: àwọ̀ pupa rúsúrúsú a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní orí, ní àyà àti ní ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ nìyẹn. Tata, ẹlẹ́ǹgà àti kòkòrò mìíràn tí màlúù ń tú sókè nínú koríko ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì láti Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà láìsí ẹni tí ó kó wọn lọ. Lónìí, lékeléke ti tàn ká ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti gúúsù dé àríwá.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Orúkọ kan yìí ni a ń pe oríṣiríṣi ẹyẹ tí ó jọra. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ onílé: àwọn ni wọ́n ń fi amọ̀ kọ́ ilé sábẹ́ òrùlé àti sábẹ́ afárá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kì í kọ́ ilé níbí rárá, nítorí Yúróòpù ni ilé rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ẹlú tí ó ń dán, ọ̀fun àti iwájú orí rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì gígùn. Hirundo rustica ni orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwọ̀n ara rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 20 lọ, síbẹ̀ ó lè padà sí ilé kan náà tí ó ti pa ọmọ lọ́dún tó kọjá. Lórí pápá tí ó tẹ́jú àti lórí omi ni a ti máa ń rí i, tí ó ń fò nílẹ̀nílẹ̀ láti gbé kòkòrò.

Ẹyẹ kékeré tí ń mi ìrù. Lórí koríko pápá bọ́ọ̀lù àti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ ó ti bá a. Kì í tọ bí ológoṣẹ́. Rírìn ni ó ń rìn, tí ó ń sáré díẹ̀, tí ó sì ń mi ìrù gígùn rẹ̀ lọ́kè lódò. Orúkọ rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ni Motacilla flava. Ní oṣù Bélú, ara rẹ̀ a ṣì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹrẹ́nà bá fi máa parí, akọ rẹ̀ a ti wọ àwọ̀ ìyeyè tí ń dán láti ọrùn dé ikùn. Ọmọ tí ó bá ń wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò rí ìyípadà náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ẹyẹ ajẹ-oyin ọlọ́fun funfun. Merops albicollis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹyẹ àwọ̀ ewé ni, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ọ̀já dúdú kan wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹ́ ìrù rẹ̀ méjì ti àárín sì gùn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Etí aṣálẹ̀ ni ó ti ń yé, ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń lo ẹ̀ẹ̀rùn. Oyin, agbọ́n àti èèrà abìyẹ́ ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ó mọ ọgbọ́n mìíràn: bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ń bó ẹyìn lórí ọ̀pẹ, tí ó ń ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ẹyẹ yìí a máa hán èèpo náà lófurufú, a sì gbé e mì.

Àwòdì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹni tí ń sin adìyẹ máa ń ṣọ́ ojú ọ̀run jù, nítorí ìgbà náà ni àwòdì ń tọ́ ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí òjò bá ti ń pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a ṣí lọ sí àríwá. Ìrù rẹ̀ tí ó ní ẹ̀là díẹ̀, tí ó sì ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ìtọ́kọ̀, ni a fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn ẹyẹ apẹran.

Ẹyẹ etídò. Lórí àpáta àti iyanrìn etí odò ni ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí inú rẹ̀ funfun máa ń rìn, tí ìdí rẹ̀ ń mì ṣáá bí ẹni pé ó fẹ́ jó. Actitis hypoleucos ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ń ti òkèèrè wá.

Bí ayé ṣe mọ ibi tí wọ́n ń lọ

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn ará Yúróòpù kò mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń wọ̀ sí nígbà òtútù. Àwọn kan gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún omi ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí. Ní ọdún 1822, a pa ẹyẹ àkọ̀ funfun kan nítòsí Klütz ní ilẹ̀ Jámánì. Ọfà kan gún un ní ọrùn, ọfà náà sì jẹ́ ti Áfíríkà. Ẹyẹ náà ti gba ọfà lọ́dọ̀ wa, ó sì ti gbé e fò dé Yúróòpù. Ó ṣì wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Rostock títí di òní. Ọfà ọdẹ kan ni ó di ẹ̀rí tí àríyànjiyàn ọ̀rúndún kò lè pèsè.

Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Denmark, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kí ẹni tí ó bá rí i níbòmíràn lè mọ ibi tí ó ti wá. Lónìí, ẹ̀rọ tíńtínní tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ wà tí a ń so mọ́ ẹyẹ lára.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1964, P. Ward gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rá ara ẹyẹ kékeré tí ń mi ìrù, èyí tí ó ṣe ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún 1966, òun pẹ̀lú J. H. Elgood, tí ó kọ́ni ní ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, àti R. E. Sharland kọ ìwádìí lórí àwọn ẹyẹ tí ń ti Yúróòpù àti Éṣíà wá sí Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọdún 1973, Elgood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ òmíràn lórí àwọn tí ń ṣí kiri láàárín Áfíríkà. Ọjọ́, ibi àti iye ẹyẹ tí ènìyàn fi ojú rí tí ó sì kọ sílẹ̀ wà lára ìpìlẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe èyí.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kà wọ́n

Ẹ jẹ́ kí a wo igún. Igún kì í ṣe ẹyẹ aṣíkiri; onílé ni. Nígbà kan rí, ó pọ̀ ní àwọn ìlú Yorùbá, ní ibi tí a ti ń pa màlúù àti ní ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ òwe igún ni kò rí igún rí. Májèlé, pípa fún oògùn àti gígé igi ńláńlá tí ó ń gbé wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá kéde pé igún orílórí pípá tí a mọ̀ yìí ti wà nínú ewu ìparun tí ó le jù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ọdún wo ni igún di ohun àwátì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan wa, àgbàlagbà yóò sọ pé “ó ti pẹ́”, kò sì ní sí ìwé tí a lè ṣí. Ohun tí a kò bá kà, a kì í mọ ọjọ́ tí ó dín.

Ewu kan náà dojú kọ àwọn ẹyẹ aṣíkiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń rìn láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà ni iye wọn ti dín kù láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ewu wọn wà ní ìhà méjèèjì: oògùn apakòkòrò ní oko, igbó tí a dá, àbàtà tí a fi iyanrìn dí láti kọ́lé. Nítorí náà, bí ọmọ kan ní Kútọ̀ bá fi kátápọ́ọ̀tù pa alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní oṣù Ẹrẹ́nà, ìtẹ́ kan lè wà ní òkèèrè tí yóò ṣófo lọ́dún náà. Bí ẹnìkan bá sì dí àbàtà kan ní òkèèrè, ojú ọ̀run Kútọ̀ lè dákẹ́ ní oṣù Bélú.

Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí. Ní agbègbè Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù máa ń péjọ sùn sínú ẹ̀ẹ̀sún lórí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ṣírò wọn sí bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti máa ń mú wọn jẹ tipẹ́. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, bá àwọn ará abúlé náà jókòó lórí ọ̀nà ìjẹun mìíràn àti lórí dídá ẹyẹ náà sí. Ìmọ̀ ni ó ṣáájú: wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹyẹ tí ń bẹ nínú ẹ̀ẹ̀sún wọn jẹ́ àlejò láti òkèèrè.

Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn àárọ̀ láti Kútọ̀

Iye ènìyàn. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ sí méjìlá tó fún ìrìn kan. Kí àgbàlagbà kan máa wà fún ọ̀dọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo yóò pọ̀, ẹyẹ yóò sì sá.

Ìyọ̀ǹda. Kí òbí tàbí alágbàtọ́ kọ̀wé ìyọ̀ǹda fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibi tí a bá fẹ́ wọ̀, yálà pápá ìṣeré ni tàbí ọgbà.

Ohun èlò. Ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù ni ó pọn dandan. Báínókúlà dára, ṣùgbọ́n a lè fi ọ̀kan tàbí méjì lò pọ̀. Kí aṣọ má ṣe jẹ́ funfun tàbí pupa tí ń kọ mọ̀nà; àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ni ó yẹ. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, fìlà, omi mímu àti ìpápánu díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ìwé Nik Borrow àti Ron Demey lórí àwọn ẹyẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2001, wúlò fún olùkọ́.

Àkókò. Kí a péjọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí di aago mẹ́sàn-án ni ẹyẹ ń jẹun jù. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn a mú, ariwo ọkọ̀ àti ọjà a sì gbòde.

Ibi. Àyíká pápá ìṣeré MKO Abiola ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí a wo orí koríko fún ẹyẹ tí ń mi ìrù, kí a sì wo òkè fún alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àti àwòdì. Láti ibẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó bá ti gba àyè lè lọ sí Ilé Ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, níbi tí igi àti ọgbà ẹranko wà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọkọ̀ lè lọ sí etí Odò Ògùn fún ẹyẹ etídò, tàbí sí Yunifásítì FUNAAB ní Àlàbàtà, tí ó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa igbó àti ẹranko ìgbẹ́. Fún ìrìn ọjọ́ kan gbáko, ìsédò Ọyán, tí a ṣí ní ọdún 1983, jẹ́ ibi omi ńlá tí ẹyẹ omi máa ń fẹ́ràn.

Àkọsílẹ̀. Ohun méje ni kí ọ̀dọ́ kọ: ọjọ́, aago, ibi, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, irú ẹyẹ, iye wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí kò bá mọ orúkọ ẹyẹ kan, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó kọ àwọ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe fi orúkọ tí kò dá a lójú sí i. “N kò mọ̀ ọ́n” jẹ́ àkọsílẹ̀ gidi. Bí wọ́n bá sì jáde tí wọn kò rí ẹyẹ kankan, kí wọ́n kọ ìyẹn náà.

Kíkà lékeléke ní ìrọ̀lẹ́

Bí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìdílé kan kò bá lè ṣe gbogbo èyí, iṣẹ́ kan wà tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke máa ń fò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ lọ síbi tí wọ́n ń sùn. Kí ọ̀dọ́ yan ibi kan tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ó dúró níbẹ̀ láti aago márùn-ún ààbọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti oṣù Èrèlè títí di oṣù Òkúdù. Kí ó ka iye tí ó kọjá. Bí ọ̀wọ́ náà bá pọ̀, kí ó ka mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ó wo bí mẹ́wàá ṣe tóbi tó lójú ọ̀run, kí ó wá fi ìwọ̀n yẹn ka ìyókù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjìlá, nọ́ńbà náà yóò sọ ìtàn fúnra rẹ̀: yóò ga, yóò máa lọ sílẹ̀, títí yóò fi kù díẹ̀ tàbí kí ó di òfo. Ọjọ́ tí a rí ọ̀wọ́ ńlá kẹ́yìn ni kí a fi yí i. Bí a bá ṣe é lọ́dún mẹ́wàá láti ibi kan náà, ìdílé kan ní Kútọ̀ yóò ní ohun tí a kò ní nípa igún.

Ibi tí àkọsílẹ̀ lè wúlò

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ẹyẹ gbogbo Nàìjíríà, tí a ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, ń lọ láti ọdún 2015. Ibùdó rẹ̀ ni ilé ìwádìí A. P. Leventis ní Laminga, nítòsí ìlú Jos. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi kìlómítà 9 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ará ìlú tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú ọ̀kan, yóò sì fi áàpù BirdLasser orí fóònù kọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Bákan náà ni eBird ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ń gba àkọsílẹ̀ láti ibikíbi lágbàáyé. Kí àgbàlagbà ni yóò forúkọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí ó sì yẹ ohun tí wọ́n kọ wò kí ó tó fi ránṣẹ́.

Òfin àti ààbò

Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá aṣíkiri, tí a ṣe ní ìlú Bonn ní ọdún 1979, láti ọdún 1987. Láti ọdún 2001 ni àdéhùn Ramsar lórí àwọn àbàtà ti fìdí múlẹ̀ fún wa. Òfin àpapọ̀ ọdún 1985 sì de pípa àti títa àwọn ẹ̀dá tí a kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀. Nítorí náà, a rọ gbogbo ẹni tí ó bá ń darí ìrìn pé:

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan mú kátápọ́ọ̀tù, kànnàkànnà tàbí okùn ìdẹ dání.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìtẹ́, ẹyin tàbí ọmọ ẹyẹ, kódà láti ya fọ́tò.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹyẹ tí ó kú tàbí tí ó ń ṣàìsàn. Àìsàn adìyẹ tí a mọ̀ sí H5N1 wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, ẹyẹ ìgbẹ́ náà sì lè ní in. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà ẹranko ti ìjọba gbọ́.

Bí ẹ bá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, ẹ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ bí ẹ bá lè rí i láti òkèèrè tàbí nínú fọ́tò, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi, kí ẹ sì fi tó ilé ìwádìí létí.

Ní etí odò, kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe wọ omi. Ní Kútọ̀, kí gbogbo wọn jọ sọdá títì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà níwájú àti lẹ́yìn.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ni àwọn baba wa wí. Ojú ọ̀run tó lóòótọ́. Ilẹ̀ tí wọn yóò bà lé ni ó ń dín kù. A rọ àwọn òbí àti olùkọ́ pé kí wọ́n mú ọmọ kan, ìwé kan àti pẹ́ńsù kan jáde ní Sátidé kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí ń bọ̀, kí wọ́n sì tún jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà bá dé tí lékeléke àkọ́kọ́ tún fò kọjá lórí Kútọ̀, ọmọ náà yóò mọ iye ọ̀sẹ̀ tí ó ti lò lẹ́yìn odi, yóò sì lè kí i káàbọ̀.